Ọdún Tó Wà Lórí Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ

Mo dé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ níwájú ilé epo kan tí kò ní epo. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Yàrá mi wà lẹ́yìnkùlé: fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ti ká bébà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Onílé ní omi wà nínú àgbá, kí n má gbàgbé láti máa dé e. Ó bi mí ní ohun tí mo wá ṣe.

Mo ní, "Àwọn ilé àtijọ́ ni mo wá kọ sílẹ̀, mà."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wọn. Ìwọ nìkan."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ilé méjìlélógójì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ fara hàn ní kánsù. Akọ̀wé tó gbà mí ní gègé méjì nínú àpò ẹ̀wù. Èkíní kò kọ. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mú èkejì, ó sì dá èyí tí kò kọ padà sínú àpò.

Ó là á fún mi yékéyéké: ọ̀nà tuntun ń bọ̀, ọ̀nà ọkọ̀ akóẹrù. Ilé tó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin dáàbò bò ó. Èyí tí kò bá pé, tó sì wà lójú ọ̀nà, katakata yóò wó o lẹ́yìn òjò. Ìdajì ìwé mi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ìpàdé tí wọn yóò fi òǹtẹ̀ lù ú ni ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀.

Ó ní, "Ìwọ ṣáà máa kọ. Ohun tí o bá kọ la máa tẹ̀ lé."

Olùkọ́ mi ní yunifásítì, tó rán mi wá, pè ní ọ̀sán láti rán mi létí ohun tí mo máa kọ. Gígùn, fífẹ̀, iye fèrèsé, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní orí bá mi ṣe é, pé ní agbègbè yìí gbogbo ilé ló ní pátákó lórí atẹ́rígbà, tí wọ́n gbẹ́ ọdún sí. Òótọ́ ni. Mo ti rí i láti ojú ọ̀nà. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń já kó tó kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ìròyìn ayọ̀ ni. Mo lè dúró lójú títì kí n kà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ilé mẹ́ta lónìí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, tí wọ́n ń ta ajílẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí: 1974. Ilé ẹ̀rọ ìlọ̀kà: 1982. Ilé ẹjọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń sin adìẹ sí: 1969. Inú àpótí ẹlẹ́rìí ni àwọn àgbébọ̀ ń yé sí. Ògiri ibẹ̀ nípọn tó apá mi. Ó yà mí lẹ́nu pé kò dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe kà á.

Nígbà tí mò ń padà, káfíńtà kan wà lókè ilé kan tó ń kan páànù. Ó yẹ kí n kí i. "Ẹ kú iṣẹ́" ni ó bọ́gbọ́n mu, mo sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè pe é jáde. Mo fa téèpù ìwọ̀n mi mọ́ra, mo fẹ́ kọjá.

Ó pariwo, "Onítéèpù! Ṣé o ò rí ẹ̀dá lókè níbí ni?"

Mo ní, "Ẹ kú... ẹ kú òkè, sà."

Òòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú òkè! Ẹ wá gbọ́ o, wọ́n ti kí mi bí ẹni kí áńgẹ́lì!"

Kó tó di àṣálẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìyá Onílé bi mí nígbà tí mò ń pọnmi bóyá èmi náà ni Ẹ-kú-òkè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti àárọ̀. N kò jáde. Ìyá mi pè.

"Ṣé o ti ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní mo ti ní.

"Ta ni?"

Mo ní káfíńtà kan.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?"

Mo ní ó tó àádọ́rin. Ó ní kí n máa jẹun dáadáa.

Ọṣẹ ti wọ́n sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún: àká ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ní ìkóríta, lójú ọ̀nà tuntun gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù láti ìgbà tí mo ti dé.

Bíríkì pupa ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, pákó ni òkè. Ilẹ̀ rẹ̀ ga kí eku má bàa wọlé. Ó ní ihò ìmí méjìlá lábẹ́ òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù lọ. Nínú rẹ̀ òórùn àgbàdo gbígbẹ ni, àti ti àpò, àti ti ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tó dàbí òórùn inú àpótí aṣọ ìyá ìyá mi. Ọwọ́ èèyàn ti dán òpó àárín títí ó fi ń tàn ní ìwọ̀n ibi tí èjìká máa ń kàn.

Obìnrin àgbà kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìyá Àká ni gbogbo èèyàn ń pè é. Yàrá rẹ̀ fara ti ògiri àká, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti àká. Ó jókòó lórí àpótí ìjókòó pẹlẹbẹ kan níta, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní kí n jókòó. Ó dìde, ó sì fún mi ní àpótí náà. Mo jókòó. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo sì wọn àpótí náà.

Ó ní, "Ìyẹn náà wà nínú ìwé ìjọba?"

Mo ní, "Rárá, mà. Mo kàn ń wọ̀n ọ́n ni."

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì méjì, íńṣì mẹ́jọ ní fífẹ̀. Ihò ìṣó ńlá mẹ́rin tí kò sí ìṣó nínú wọn, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín. Ìyá Àká ní ibi tó tẹ̀ yẹn bá ìdí òun mu bí ẹni pé wọ́n gba ìwọ̀n rẹ̀, pé kò sí àga tó tù ú lára bẹ́ẹ̀ nílé ọmọ òun ní ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ kí òun wá máa jókòó wo tẹlifíṣọ̀n títí ikú yóò fi dé.

Pátákó àká: 1988. Mo ṣàkíyèsí pé ó nípọn tó íńṣì mẹ́rin. Ti àwọn ilé yòókù kò ju íńṣì kan àti díẹ̀ lọ. Bóyá ẹgbẹ́ lówó lọ́wọ́ nígbà náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo fi ilé ogún àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí kánsù. Akọ̀wé ní ọwọ́ mi mọ́. N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo ra bisikíìtì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára àká. Ọ̀dà náà ṣàn sílẹ̀ nítorí òjò.

Ìyá Àká jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kọjú sí i. Mo kí i. Ó ní, "Wọ́n ní ìwé ló sọ pé kò dàgbà. Ìwé wo, ọmọ mi? Ìwé tí kò wálé wá bi mí."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Mo sì kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́. N kò sọ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà ni mo kọ. Mo ń sọ ìyẹn fún ara mi láti àárọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Òrùlé yàrá mi ń jò. Ìyá Onílé wá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo igun tí bẹ́ẹ̀dì wà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibí yìí gan-an ni mo ti rọbí àkọ́bí mi. Òjò ń rọ̀ bí ọjọ́ òní. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, onírùngbọ̀n funfun."

Pátákó tó wà lórí ilẹ̀kùn ilé yìí, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, nọ́ńbà kẹsàn-án: 1996.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ilé yìí... 1996 ni wọ́n kọ́ ọ, mà."

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyẹn ni ọdún tí a pààrọ̀ òrùlé. Ọkọ mi ti kú nígbà yẹn. Inú ilé yìí ni wọ́n bí ọkọ mi sí, inú rẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí."

Ó gbé ọwọ́ sí abọ́, ó tún un gbé. Ó ní, "Ó yẹ kí o ti bi mí."

Kì í ṣe àká nìkan. Gbogbo ilé ogún ni. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ bá Baba Káfíńtà ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo rìn kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, "Ẹ-kú-òkè, mo wà nílẹ̀ lónìí. Wọlé."

Mo bi í. Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹnikẹ́ni níbí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ó ní, "Kí la fẹ́ fi ọdún ilé ṣe? Ògiri kì í darúgbó níbí. Òrùlé ló ń darúgbó. A ń gbẹ́ ọdún rẹ̀ sókè kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ìgbà tí yóò béèrè òmíràn. Tó bá tó ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á wo òkè, wọ́n á ní, háà, ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú owó páànù." Ó fẹ́ eruku igi kúrò lára ayùn. "Ẹ̀yin alákọ̀wé wá rò pé ọjọ́ ìbí ilé ni."

"Ọdún mélòó ni àká, sà?"

"Mo bá a níbẹ̀. Bàbá mi bá a níbẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ 1988 yẹn. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ mi. Ìwọ, o kàn ń ka ọ̀nà láti òkèèrè."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo jẹ́wọ́ fún Akọ̀wé. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà, mo sì kà á fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí dé òpin. Kò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù.

Ó ní, "A lè tún àwọn yòókù kọ, wọn kò sí lójú ọ̀nà. Àká ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí mo bá sọ fún Alága pé ìyá arúgbó kan ní ó pẹ́, yóò ní ìyá arúgbó wo ni kò ní í sọ pé nǹkan pẹ́?" Ó fi gègé tí kò kọ lu tábìlì. "Ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára igi lo fi dá a lẹ́bi. Bí o bá rí ọdún mìíràn tí wọ́n gbẹ́ sára igi, òun náà lo máa fi dá a láre. Mú un wá sí ìpàdé. Ìwọ ni kí o sì sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Olùkọ́ mi ní kí n kọ àlàyé ojú ìwé kan, kí n má ṣe jẹ́ kó dun mí jù. Ó ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ń padà lọ sí gbogbo ilé. Mo ń kan ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó kàn án. Ní ilé kẹrin mo ka dé mẹ́tàdínlógún.

Ìyàwó ẹni tó ń sin adìẹ ní ilé ẹjọ́ ní bàbá bàbá ọkọ òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́. Ó jẹ̀bi. Ó fún mi ní ẹyin mẹ́rin, ó ní láti inú àpótí ẹlẹ́rìí ni, òótọ́ ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ilé mẹ́rìndínlógún ni mo ti tún ṣe. Ohùn mi ti há. Ó dàbí ẹni pé mo ti sọ̀rọ̀ ọdún kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní àwọn ilé yòókù, wọ́n ní pátákó àtijọ́ ti di igi ìdáná. Kò sí èyí tó tọ́jú rẹ̀.

N kò tíì lọ sí àká. Mo ń gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ ìlọ̀kà kọjá kí Ìyá Àká má bàa rí mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Ní òwúrọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí íńṣì mẹ́rin.

Mo sáré lọ bá Baba Káfíńtà. N kò tilẹ̀ kí i. Mo ní, "Kí ló dé tí pátákó àká fi nípọn?"

Ó dá ayùn dúró. Ó wá ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí iná tó ń ran igi tútù. Ó ní, "Nítorí ohun ẹgbẹ́ ni! Pátákó ilé mi, mo lè fi dáná. Ti ẹgbẹ́, ta ló máa fi dáná kí wọ́n má pe ìpàdé lé e lórí? Orí ti àtijọ́ la kan tuntun mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án, mo sì gbàgbé."

Ó gbé àkàbà. A jọ lọ. Ìyá Àká jókòó sórí àpótí rẹ̀. Kò bi mí ibi tí mo ti wà láti ọjọ́ yìí. Ó kàn ní, "Ẹ rọra, ohun ẹgbẹ́ ni o."

Baba Káfíńtà fa ìṣó yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1988 bọ́. 1959 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọwọ́ bàbá òun ni, ó gba eruku kúrò lára rẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 1931, ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn 1931, igi atẹ́rígbà. Kò sí òmíràn.

Ó ku ọdún mẹ́fà kó pé ọgọ́rùn-ún.

Baba Káfíńtà ní, "1931 kì í ṣe òrùlé àkọ́kọ́. Wo ara igi yìí, ihò rẹ̀ ti fẹ̀ ju ìṣó wa lọ: ìṣó mìíràn ti wọ inú rẹ̀ rí. Nǹkan kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú."

Mo lọ bá Akọ̀wé. Ó ní, "Ihò kì í ṣe ọdún."

Mo wọn gbogbo pátákó náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì méjì. Íńṣì mẹ́jọ ní fífẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò. Ọ̀túnla ni ìpàdé. Mo jókòó, mò ń ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè kọ àlàyé tí Olùkọ́ mi ní kí n kọ.

Mo dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ.

Mo ka ìwọ̀n àpótí Ìyá Àká lẹ́ẹ̀mẹta. Bébà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ti yọ, tábìlì ń mì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ìyá Àká ń gbálẹ̀. Mo ti ka ení, èjì, ẹ̀ta láti ẹnu ọ̀nà ilé wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àká kò dàgbà. Èmi ni."

Ó gbá ìdọ̀tí tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún ń wọn nǹkan níbí?"

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n fa ọ̀dà. Mò ń retí kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ ni. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá ọmọ yìí kò ní ohùn. Dìde, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́."

Mo wá béèrè bóyá mo lè dojú àpótí rẹ̀ dé. Ó ní kí ló wà lábẹ́ ìdí àgbàlagbà tí mo ń wá? Ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi.

Abẹ́ rẹ̀ dúdú fún èéfín. Mo fi omi àti aṣọ nù ún. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kà á, kí ojú mi tó rí i: ọ̀kan, mẹ́sàn-án, òdo, mẹ́ta.

1903.

Ìyá Àká ní, "Àwọn ìlà yẹn? Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ò kàwé. Mo rò pé káfíńtà ló ń fi ayùn ṣeré."

Baba Káfíńtà dé, ó wò ó, ó fọwọ́ tẹ ibi tó tẹ̀. Ó ní bàbá bàbá òun kì í ju igi nù. Pátákó tó bá ti wọ́, kò ṣeé kan nǹkan lé, ṣùgbọ́n ohun ẹgbẹ́ kò ṣeé dáná. Kí ló kù? Kí ó kan ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó fún ẹni tó ń ṣọ́ àká.

Mo ní a máa gbé e lọ sí kánsù lọ́la. Ìyá Àká ní, "Ibi tí àpótí mi bá lọ, èmi náà ń lọ."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Oòrùn ràn lónìí, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Yàrá ìpàdé kánsù: àga ogójì, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú. Àká ni ọ̀rọ̀ kẹfà. Wọ́n sọ̀rọ̀ gọ́tà fún wákàtí kan. Ìyá Àká kò jókòó sórí àga kankan. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú, ó sì jókòó lé e.

Nígbà tí ó kàn wá, Akọ̀wé pe orúkọ mi. Mo dìde. Mo ní bébà tí mo fẹ́ kà lọ́wọ́. Mo ká a. Mo ní, "Mo kọ ọdún àká láṣìṣe. Ọdún òrùlé ni mo kọ. Ó yẹ kí n béèrè, n kò béèrè, nítorí pé ojú ń tì mí." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo fi pátákó mẹ́ta hàn wọ́n, mo sọ bí a ṣe rí wọn.

Alága ní, "1931. Kò pé. Ẹ̀rí tó kù dà?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀rí tó kù wà lábẹ́ Ìyá Àká. Mo wò ó. Ó wò mí. Kò mira.

N kò sọ fún àgbàlagbà kankan rí láyé mi pé kó dìde lórí ìjókòó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú. Ẹ dìde."

Ó ní, "Kí n dìde? Níwájú gbogbo ènìyàn?"

Baba Káfíńtà ké láti ẹ̀yìn, "Ìyá, ẹ̀rí lẹ jókòó lé!"

"Ẹ̀rí? Láti ọdún yìí wá, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Ó kàn ń fẹ́ kí gbogbo yàrá náà gbọ́ ni. Ó wá dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fọwọ́ hàn mí kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo dojú àpótí dé. Alága bọ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle. Ó fi ìka tọ ọdún náà. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ara àká ni eléyìí ti wá? Àpótí pọ̀ láyé."

Mo gbé pátákó 1931 lé e. Etí wọn ṣe déédéé. Akọ̀wé dìde, ó yọ gègé tí kò kọ kúrò nínú àpò, ó sì fi í wọ ihò ìṣó àkọ́kọ́. Ó gba inú pátákó òkè kọjá, ó yọ lábẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi í wọ èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ó dá gègé náà padà sínú àpò rẹ̀, ó ní, "Alága, mo rò pé ó parí."

Ọ̀nà yóò yà díẹ̀ ní ìkóríta. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kánsù. Mo pe ìyá mi. Mo ní, "Mo sọ̀rọ̀ lónìí." Ó ní, "Sí ta ni?" Mo ní, "Sí gbogbo wọn."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo parí ilé kejìlélógójì. Èmi àti Ìyá Onílé jẹ ẹyin àpótí ẹlẹ́rìí tó kù. Ó ní bí wọ́n bá pààrọ̀ òrùlé yàrá ẹ̀yìn, òun yóò sọ fún mi ọdún tí wọ́n gbẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ mi máa lọ ní agogo méjìlá. Mo ti di ẹrù. Mo lọ dágbére ní àká.

Kánsù ti gba àpótí náà. Inú gíláàsì ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Wọ́n fi àga rọ́bà kan dípò rẹ̀, Ìyá Àká sì ti fi í fún àwọn adìẹ ilé ẹjọ́. Baba Káfíńtà kan àpótí tuntun fún un ní àná, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Ìwọ̀n inú ìwé mi ló lò. Ẹnìkan ti ń ha ọ̀dà pupa kúrò lára ògiri. Ó kù díẹ̀díẹ̀ nínú bíríkì.

Ìyá Àká dúró, ó fi ojú burúkú wo àpótí tuntun. Ó ní, "Ó tọ́ jù. Èmi ò tọ́ bẹ́ẹ̀."

Baba Káfíńtà ní, "Ẹ jókòó lé e, ó máa tẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Tó bá ń rí ìdí dáadáa, bí ogún ọdún."

Ó yí sí mi. Ó ní, "Onítéèpù, àgbà ti dé sí mi. Wá bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo ní mo ṣì ní wákàtí kan ààbọ̀. Mo jókòó.